Àkìtàn tí Ìyá Àgbà Fi Ṣe Sàárà

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni sílípáàsì onírọ́bà kan báyìí ní ìsọ̀ mi ní Táíwò Road. Kì í ṣe aláwọ o, rọ́bà lásán ni, èyí tí èèyàn ń wọ̀ lọ sí balùwẹ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé lọ́jọ́ tí Ìyá Àgbà wa jáde láyé, Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, pè mí lórí fóònù. Mo ti gbọ́ ìròyìn náà lẹ́nu àwọn ará ilé, mo ti ń fi omijé palẹ̀ ọjà mọ́. Mo rò pé ó fẹ́ bá mi kẹ́dùn ni. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, mú sílípáàsì mẹ́fà dání tí o bá ń bọ̀, àwọn Alfa máa fẹ́ ṣe alùwàlá." Mo mú un lọ. Wọ́n ṣe alùwàlá, wọ́n kírun sí ìyá lára, wọ́n sin ín, wọ́n sì wọ sílípáàsì mi lọ sílé wọn. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Tí ẹ bá rí Alfa kan nílùú Ìlọrin tó wọ sílípáàsì aláwọ̀ ewé tó ní òdòdó funfun lórí, ẹ bá mi kí i.

Inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí kó máa retí ẹkún. Mo ti sun ẹkún tèmi tán. Ohun tó kù nínú mi, ìbínú ni, pẹ̀lú ẹ̀rín, nítorí pé àwọn èèyàn wa ò jẹ́ kí èèyàn bínú délẹ̀ kí wọ́n tó pa á lẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ fídáù, ọkùnrin mẹ́rin ló gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Gbogbo wọn ní Alhaja Rábíátù, Ìyá Àgbà wa, jẹ́ ìyá àdúgbò, olóore, ẹni tó sọ ìdọ̀tí di ohun àmúlò. Mo ń wo ojú wọn. Mẹ́ta nínú wọn, ìka ni wọ́n fi ń dí imú tí wọ́n bá ń kọjá lẹ́yìnkùlé wa. Ìyá Alákìtàn ni wọ́n ń pè é, kì í sì í ṣe orúkọ ọ̀wọ̀ lẹ́nu wọn. Ẹ̀kẹrin ni Bàbá Kékeré fúnra rẹ̀, mo ń bọ̀ lórí tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ bí ìyá yẹn ṣe rí gan-an. Èmi, ìwé mẹ́fà ni wọ́n fi mí sí, mi ò sì parí rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ìyá mi.

Ẹ̀yìnkùlé agbo ilé wa ní àkìtàn, bí agbo ilé gbogbo ṣe ń ní in láyé àtijọ́. Gbogbo yàrá ló ń da pàǹtí síbẹ̀, òjò ń rọ̀ sí i, eṣinṣin ń jẹ ọdún níbẹ̀. Nígbà tí Bàbá Àgbà kú, ilẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n pín fún Ìyá Àgbà nínú ogún, nítorí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Wọ́n rò pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Ó lọ ra ṣọ́bìrì.

Ó ṣa ọ̀rá àti ìgò kúrò níbẹ̀ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pe àwọn obìnrin ilé jọ, ó ní kí wọ́n má da nǹkan tó bá lè jẹrà nù mọ́, kí wọ́n máa gbé e wá bá òun: èèpo iṣu, èèpo ẹ̀gẹ́, èérí ògì, ewé tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀kọ, ìgbẹ́ ewúrẹ́, ìgbẹ́ àgùntàn. Òun fúnra rẹ̀ á lọ sí Ọ̀fà Garage lọ kó èèpo ọsàn lọ́dọ̀ àwọn tó ń bó o tà, á di í sápò, á gbé e sínú kẹ̀kẹ́ márúwá, á sì máa bá onímárúwá jà dé ilé nítorí òórùn. Gbogbo ọ̀sán Alàmísì, ẹ máa rí àwọn obìnrin pẹ̀lú garawa lórí, wọ́n tò lọ bí ẹni tó fẹ́ pọn omi. Ìyá Àgbà á tò ó lérí ara, ewé gbígbẹ sórí èyí tó tutù, ìgbẹ́ ẹran sórí ewé, á bu omi wọ́n ọn, á máa yí i padà títí á fi di àjílẹ̀ dúdú tó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn.

Àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ etí odò ló ń wá kó o. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ wọn á tóbi bí etí erin, wọ́n á wá dúpẹ́, wọ́n á na owó. Ìyá Àgbà kì í gbà á. Ó ní òun ti fi àjílẹ̀ náà ṣe sàárà fún Bàbá Àgbà, kí láádá rẹ̀ máa bá a nínú sàréè. Tí obìnrin kan bá tún fi owó náà lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ojú rẹ̀ á le. Á ní, "Láádá ọkọ mi lo fẹ́ rà lọ́wọ́ mi yẹn?"

Ẹ má rò pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni o. Ìyá Àgbà le bí òkúta. Òfin kan ṣoṣo ló ní: ọ̀rá kò gbọ́dọ̀ sí nínú garawa. Ìyá Táwà, ìyàwó ilé tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ géètì, rò pé eré ni. Ó di páńpáàsì ọmọ rẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú, ó kó èèpo iṣu bò ó lórí, ó gbé e wá. Ìyá Àgbà gbà á, ó ṣàdúà fún un. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé abọ́ tó ní ọmọrí, ó fi aṣọ funfun bò ó, ó gbé e sórí, ó rìn gba àárín agbo ilé kọjá kí gbogbo èèyàn lè rí i. Ìyá Táwà kúnlẹ̀ gbà á. Ó ní, "Ẹ ṣé o, Ìyá Àgbà. Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i. Mọ́sà ni àbí ẹ̀wà?" Ó ṣí i. Èmi wà níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo di ògiri mú. Ìyá Táwà figbe ta pé wọ́n rí òun fín. Ìyá Àgbà kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè. Ó ní, "Oúnjẹ tí o gbé fún àkìtàn mi ni mo bu wá fún ọ. Kí ló dé, ṣé kò dùn ni?"

Ìyá Táwà yìí kan náà ló wá di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Bí wọ́n ṣe rẹ́ kò ṣòro láti mọ̀. Ìyá Àgbà máa ń wo inú garawa kó tó dà á, ojú ló fi ń ka ilé oníkálukú. Ó mọ ẹni tó se iṣu, ó mọ ẹni tó ra ẹran, ó mọ ẹni tí àlejò dé bá. Nígbà kan, garawa Ìyá Táwà ò ní nǹkan kan nínú ju èèpo ẹ̀gẹ́ àti eérú lọ, Alàmísì kan sí òmíràn. Ìyá Àgbà fà á sẹ́yìn.

"Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Ó wà, Ìyá Àgbà. Àlàáfíà ló wà."

"Ṣé ó ń fún ọ lówó ọbẹ̀?"

"Ó ń fún mi o."

Ìyá Àgbà gbé garawa náà sókè sí i lójú. Lọ́jọ́ yẹn, ìrẹsì àti ìṣù iṣu ló ti yàrá rẹ̀ bá Ìyá Táwà délé, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo rù ú. Ohun tó sọ fún un kí n tó gbé e ni mo ṣì ń gbọ́ létí: "Ẹnu rẹ lè bò ó, Ìyá Táwà, ṣùgbọ́n garawa rẹ ò mọ irọ́ í pa."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ànjọ̀nnú. Lẹ́yìn Iléyá kan, gbogbo ilé tó pa àgbò ló kó ohun inú rẹ̀ wá dà sórí àkìtàn lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó bi Ìyá Àgbà léèrè. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ rí láádá. Kò pẹ́ ni òkìtì náà bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín láàárọ̀ kùtù, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó dáná sí i. Ariwo ta. Wọ́n ní ànjọ̀nnú ti ṣí wọ àkìtàn wa. Àwọn kan lọ gbé hàntú wá, omi tí wọ́n fi fọ kéwú kúrò lára wàláà, wọ́n ń dà á sórí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń dà á ni èéfín ń pọ̀ sí i, bí èéfín ṣe ń pọ̀ ni wọ́n ń sá. Ọkùnrin kan tó ń pe ara rẹ̀ ní akíkanjú sá fi ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀. Alfa agbo ilé wa dé, ó dúró lókèèrè, ó ń ka àyátù inú Àlùkùránì.

Ìyá Àgbà wọlé, ó mú ẹyin adìẹ kan, ó fi ewé wé e, ó kì í bọ inú òkìtì náà, ó lọ jókòó, ó ń jẹ́ tẹ̀súbáà. Nígbà tó ṣe, ó wá a jáde, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bó o, ó fi iyọ̀ sí i, ó gbé e fún Alfa. Ẹyin náà ti dì, ooru ohun tó ń jẹrà nínú òkìtì ló sè é. Alfa wò ó, ó wo òkìtì, ó ní, "Bìsìmìláì," ó jẹ ẹ́. Gbogbo ilé fi ẹ̀rín túká. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n bá òun kó ewé gbígbẹ wá kí nǹkan náà lè mí, kí ó tó máa rùn. Ó wá kọjú sí àwọn tó sá: "Ànjọ̀nnú tó ń bá èèyàn se ẹyin láìgba igi ìdáná, ẹ lé e kẹ̀? Ẹ jẹ́ kó máa bá wa gbé."

Èmi àti òun náà jà. Ọdún tí ọjà mi kọ́kọ́ yá, mo ra ìborùn ńlá fún un, èyí tó nípọn, nítorí ọyẹ́. Nígbà tí mo padà wá kí i, òjò ti bẹ̀rẹ̀, mo bá ìborùn mi lórí àjílẹ̀, òkúta mẹ́rin wà ní igun rẹ̀. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Mo ní ṣé bó ṣe máa ń tọ́jú nǹkan ọmọ rẹ̀ nìyẹn? Kò bẹ̀ mí. Nínú gbogbo ayé mi pẹ̀lú rẹ̀, kò bẹ̀ mí rí. Ó kàn fọwọ́ kan apá ara rẹ̀, ó fọwọ́ kan ìborùn náà. Ó ní, "Òtútù ò mú mi, Àbẹ̀kẹ́. Àjílẹ̀ yìí ni òjò ń pa."

Mo ti dé ibi tí mo ń lọ wàyí.

Bàbá Kékeré nìkan ni ọmọkùnrin tó kù fún un lẹ́yìn tí bàbá mi ti kú. Ọmọlúàbí ni níta. Ó máa ń wọ agbádá lọ sí gbogbo ìpàdé. Lọ́jọ́ kan, ó mú àwọn àlejò kan wá, wọ́n ní àwọn ń rí sí ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó àyíká. Wọ́n ya fọ́tò àkìtàn, wọ́n ya ti Ìyá Àgbà, wọ́n lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá Kékeré jókòó tì í.

"Ìyá, inú wọn dùn. Wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di iṣẹ́ àdúgbò."

"Kí ló jẹ́ látọjọ́ yìí? Iṣẹ́ ọ̀run?"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa rán àpò tó ní orúkọ lára. Wọ́n ti fi mí ṣe alága. A máa di í, a máa tà á."

"Ẹ máa tà á? Ìwọ àti ta ni?"

"Ìyá, owó ńlá ló wà nínú rẹ̀."

"Sàárà bàbá rẹ ni."

"Bàbá ti kú, Ìyá."

Kò fèsì. Bàbá Kékeré rò pé ó ti gbà. Àṣìṣe tí gbogbo èèyàn máa ń ṣe pẹ̀lú rẹ̀ nìyẹn, wọ́n á rò pé ẹni tó dákẹ́ ti gbà. Wọ́n fi ìfilọ́lẹ̀ náà sí Sátidé. Wọ́n gbé àga wá, wọ́n ta àtíbàbà, wọ́n ri pátákó kan mọ́lẹ̀ tí àwòrán Bàbá Kékeré wà lórí rẹ̀, orí nìkan tó garawa. Àwòrán Ìyá Àgbà wà nísàlẹ̀, ní igun, wọ́n gé ọwọ́ rẹ̀ kan kúrò.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, bí wọ́n ṣe kírun tán, Ìyá Àgbà rán Ìyá Táwà sí gbogbo ẹlẹ́fọ̀ọ́ etí odò. Ó ní kí wọ́n mú ohunkóhun tó bá ní ìdí wá. Wọ́n wá pẹ̀lú garawa, apẹ̀rẹ̀, àpò sìmẹ́ńtì, abọ́ ìwẹ̀ ọmọ, àní ẹnìkan gbé ìkòkò tó fi ń se oúnjẹ wá. Mo ti ìsọ̀ mi lọ́jọ́ yẹn, mo rù títí ọrùn mi fi fẹ́ wọnú ara. Kí wọ́n tó pe ìrun mọ̀ríbì, kò sí ẹ̀kúnwọ́ kan níbẹ̀ mọ́. Ìyá Àgbà gbé ìgbálẹ̀, ó gbá ilẹ̀ náà títí ó fi ń dán.

Nígbà tí àwọn àlejò dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú kámẹ́rà wọn, ìyá arúgbó kan ṣoṣo ni wọ́n bá lórí ẹní ní àárín ilẹ̀ gbalasa, ó ń jẹ́ tẹ̀súbáà.

Ọ̀gá wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Alhaja, ẹ kú ilé. Àjílẹ̀ náà ńkọ́?"

"Ó ti lọ bá àwọn tó ni ín. Ẹ jókòó, ẹ jẹ ìrẹsì yín."

Wọ́n jẹ ìrẹsì náà, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, wọ́n tún bù sínú ọ̀rá lọ sílé. Bàbá Kékeré ń làágùn nínú agbádá. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó dúró lórí ìyá rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ dójú tì mí." Ìyá Àgbà gbé ojú sókè. Ó ní, "Mo bí ọ, mo fi ọ́ sí ilé kéwú, mo fi ọ́ sí ilé ìwé. Ìtìjú yìí kò sí nínú ohun tí mo fún ọ, ìwọ lo lọ gbé e wálé."

Pátákó yẹn, a fi ṣe ilẹ̀kùn ilé ewúrẹ́. Ní Alàmísì tó tẹ̀ lé e, àwọn obìnrin gbé garawa wọn dé, òkìtì tún bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Bàbá Kékeré kò wọ yàrá ìyá rẹ̀ mọ́ títí àìsàn fi dá ìyá náà dùbúlẹ̀. Ó ń dúró. Èmi mọ̀ pé ikú ìyá rẹ̀ ló ń dúró dè. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé Ìyá Àgbà náà mọ̀. Ìgbà tí mo lọ tọ́jú rẹ̀ gbẹ̀yìn, ó ní kí n gbé òun dé ojú fèrèsé kí òun lè rí ẹ̀yìnkùlé. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, má jẹ́ kí wọ́n ta sàárà ọkọ mi."

Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́, wọ́n pe ìpàdé ogún. Bàbá Kékeré ní ẹnìkan fẹ́ ra ẹ̀yìnkùlé, ó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Mo dìde.

"Jókòó," ó wí. "Ta ló pè ọ́ sí ìpàdé àwọn ológún?"

Bàbá mi ti ṣáájú ìyá rẹ̀ kú, nígbà tí ọmọkùnrin ìyá náà mìíràn sì wà láàyè, èmi kò sí nínú ogún. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò bá òfin Ṣàríà jà. Mo ní, "Bàbá Kékeré, ogún kọ́ ni mo ń béèrè. Sàárà ni. Gbogbo wa la gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀."

Alfa tó jẹ ẹyin ọjọ́sí ló ń darí ìpàdé. Ó ní kí ẹni tó gbọ́ ọ sọ ọ́ bí ìyá ṣe sọ ọ́ gan-an. Ìyá Táwà kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ó ní òun fi àjílẹ̀ náà ṣe sàárà."

"Ṣé ó dárúkọ ilẹ̀?" Alfa bi í.

Ìyá Táwà wò mí. Mo wo àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó kún ẹ̀yìn fèrèsé. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, kò sí ẹnìkan nínú wa tó jókòó níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì kó bi í pé, ilẹ̀ ńkọ́? Àjílẹ̀ ni wọ́n ń wá kó, àjílẹ̀ ló ń dárúkọ. A rò pé ohun tó bá wà lórí ilẹ̀ ti mú ilẹ̀ dání. Òun náà rò bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó ń wá ọ̀rá nínú garawa wa bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà, kò ṣa ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn.

Alfa tẹ orí ba. Kò purọ́, mi ò lè ní ó purọ́. Ó ní, "Àjílẹ̀ ló fi ṣe sàárà. Ilẹ̀ jẹ́ ti àwọn tó jogún rẹ̀." Wọ́n tà á.

Ẹni tó rà á kò tíì rí bíríkì kan gbé kalẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀. Erùpẹ̀ tó jáde níbẹ̀ dúdú kirikiri, ó jìn ju ẹsẹ̀ ọkùnrin lọ. Èyí tí àwọn obìnrin wa fi èèpo bọ́ láti ọdún dé ọdún ni. Mo sáré lọ bá Bàbá Kékeré. Mo ní, "Ṣé Alfa ní àjílẹ̀ ni sàárà? Kí wá ni èyí? Ilẹ̀ lẹ tà, ẹ ò ta àjílẹ̀." Ó ń fi ìka tayín. Ó ní, "Ẹni tó ra ilẹ̀ ló ra erùpẹ̀ rẹ̀. Lọ tajà rẹ."

Mo padà síbẹ̀. Onítìpà kan ti ń kó o sínú ọkọ̀, ó ń pariwo fún àwọn tó ń kọjá.

"Hàjíà, ẹ fẹ́ erùpẹ̀? Erùpẹ̀ òdòdó nìyí! Àwọn olówó GRA ló ń rà á lọ́wọ́ mi. Ẹ wò ó, ó rọ̀ bí àkàrà."

"Ta ló ṣe é?"

"Ta ló ń ṣe erùpẹ̀? Ọlọ́run ni."

Mo fẹ́ gbá a létí. Kò mọ nǹkan kan. Ìyá Táwà àti àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ dúró lẹ́bàá ògiri pẹ̀lú garawa wọn, nítorí pé Alàmísì ni, wọn ò sì mọ ibòmíràn tí wọ́n lè gbé e lọ. Wọ́n ń wo tìpà náà bí ẹni ń wo ọkọ̀ tó gbé òkú.

Mo ní kó gbé ọkọ̀ kan lọ sí etí odò, kó dà á sí àárín àwọn ebè. Ìyá Táwà gun iwájú lọ láti júwe ọ̀nà. Mo kó gbogbo ohun tí mo fẹ́ fi ra ọjà jáde nínú báàgì. Ohun tí Ìyá Àgbà mi kò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀ títí ó fi kú, èmi ọmọ rẹ̀ san owó rẹ̀ fún àjèjì níwájú ilé bàbá mi: ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínláàádọ́rin náírà.